Ẹ Fi Imú Gbádùn Ewéko, Ẹ Má Fi Ẹnu Tọ́ Ọ Wò

Púpọ̀ nínú àwa ará ìlú ńlá ni ìrìn wa kò ju láti ẹnu ọ̀nà dé ibùdókọ̀ lọ. A ń jókòó ní ọ́fíìsì, a ń jókòó ní ìsọ̀, a tún ń jókòó nínú ọkọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá wá dé, a ó máa bèèrè ohun tó fà á. Ìmọ̀ràn ọ̀sẹ̀ yìí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀: ẹ máa rìn lọ síbi tí ewéko wà, kí imú yín sì máa ṣiṣẹ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 dára yá láàárín ọ̀sẹ̀. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 30, ní ọjọ́ 5, ti kájú rẹ̀. Ó dára fún ọkàn, ó sì ń mú oorun alẹ́ dùn. Ṣùgbọ́n ìrìn tí kò ládùn kì í pẹ́ sú ni. Nítorí náà, ẹ mọ ohun tí ìgbà kọ̀ọ̀kan ń mú wá.

Nígbà ọyẹ́, ẹ wo igi máńgòrò: òdòdó rẹ̀ a yọ wọ̀ǹtìwọnti, kòkòrò a sì máa kùn lórí rẹ̀. Ewéko tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá-takú a tanná lẹ́bàá títì. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń lọ sópin, òdòdó dóńgóyárò a máa ta sánsán bí oyin. Lẹ́yìn náà ni àkọ́rọ̀ òjò yóò dé. Òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kì í ṣe òórùn omi. Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín inú ilẹ̀ ló ń pèsè púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ̀kán òjò bá bọ́ lu ilẹ̀ gbígbẹ, a fọ́n ọn sínú afẹ́fẹ́. Ní ọdún 1964 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ní Ọsirélíà fún òórùn yìí ní orúkọ tirẹ̀. Ní ìgbà òjò, ẹ já ewé ẹfinrin tàbí koríko ọba, ẹ fọwọ́ ra á, kí àwọn ọmọ dijú, kí wọ́n dárúkọ rẹ̀.

Eré nìkan kọ́ nìyí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò gbóòórùn mọ́ nígbà àrùn Kòrónà ní ọdún 2020. Ẹni tí imú rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kò ní mọ̀ bí gáàsì bá ń jò nínú ilé ìdáná. Bí ẹ kò bá gbóòórùn mọ́, tí kì í sì í ṣe ọ̀fìnkìn, ẹ lọ rí dókítà.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ wá fetí sílẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń ta sánsán ló ṣeé jẹ. Gẹ̀gẹ́mu, tí àwọn mìíràn ń pè ní apíkán, ní òdòdó gígùn bí fèrè, òórùn rẹ̀ a sì máa dùn lálẹ́, ṣùgbọ́n májèlé ni láti gbòǹgbò dé èso. Ọmọ tó bá jẹ ẹ́, ẹnu rẹ̀ yóò gbẹ, ẹyinjú rẹ̀ yóò fẹ̀, àyà rẹ̀ yóò máa lù kìkì, yóò sì máa sọ ìsọkúsọ. Àwọn kan a ní ayé ló ń ṣe é. Ẹ má ṣe fún un ní epo pupa láti fi bì, nítorí epo lè gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì mú ewé náà dání.

Wèrèpè a máa gbó ní ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ a sì máa gbé irun rẹ̀ kiri. Bó bá kan yín, ẹ má ṣe fọwọ́ ra ara. Ẹ bọ́ aṣọ, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ irun náà kúrò, kí ẹ tó fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀.

Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ má ṣe wọ inú igbó dídí. Bí ejò bá buni jẹ, ẹ má ṣe sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má ṣe fi okùn dì í pinpin, ẹ má ṣe fẹnu fa oró. Kí ẹni náà má ṣe rìn; ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ẹni tó ní ikọ́ fée mú oògùn rẹ̀ dání, kí ó sì dúró sílé lọ́jọ́ tí eruku ọyẹ́ bá pọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé yìí, ní kùtùkùtù kí oòrùn tó mú, kí ẹ sì mú àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ tó mọ ewé lórúkọ kò ní fi májèlé ṣe ìpápánu.