“Hááfù Kọ́rẹ́ǹtì”: Áyọ́ọ̀nù Kò Gbóná, Wáyà Ló Ń Jó! Ìṣirò Tó Yẹ Kí Gbogbo Onílé Mọ̀

Gbogbo télọ̀ ló mọ wàhálà yìí. Aṣọ ìgbéyàwó wà nílẹ̀, ẹni tó ni ín ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, iná sì dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n pípọ́n ni gílóòbù ń pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn mọ́jú. Wọ́n á ki áyọ́ọ̀nù bọ súkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á dúró títí, yóò kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. “Hááfù kọ́rẹ́ǹtì ni wọ́n mú wá,” ni àwọn aládùúgbò yóò máa wí. Ẹni tínú bá bí yóò ṣépè fún NEPA, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2005 ni àjọ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ti kógbá sílé.

Bó bá jẹ́ ìdajì iná ló wọlé, kí ló dé tí áyọ́ọ̀nù kò ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀? Ìṣirò tí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ wo tánkì omi tó wà lókè ilé. Bí tánkì bá ṣe ga tó ni omi yóò ṣe fi agbára sọ̀ kalẹ̀ tó. Ohun tí volt jẹ́ fún iná nìyẹn, agbára tó ń tì í. Ìwọ̀n omi tó ń gba inú páìpù kọjá ni ampere. Bí páìpù bá sì tín-ín-rín, omi kò ní í ráyè kọjá dáadáa. Ìdènà yẹn là ń pè ní ohm. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdènà tó wà nínú ohun èlò kan, kó fi ampere pín volt. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe lágbára tó, ìyẹn watt, kó fi ampere sọ volt di púpọ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iná tó yẹ kó máa wọ ilé ní Nàìjíríà jẹ́ 230 volt. Bí áyọ́ọ̀nù kan bá ń fa 5 ampere, 230 lọ́nà 5 jẹ́ 1,150 watt. Tí a bá sì fi 5 pín 230, ìdènà inú rẹ̀ jẹ́ 46 ohm. Ìdènà yìí kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, torí ara irin tó ń gbóná nínú áyọ́ọ̀nù ló wà. Lọ́jọ́ tí volt bá já sí 115, ẹ fi 46 pín in, ampere yóò di 2.5. Ìdajì ni lóòótọ́, àwọn aládùúgbò kò purọ́. Ṣùgbọ́n 115 lọ́nà 2.5 kò ju 287.5 watt lọ. Ìdá kan péré nínú mẹ́rin ló kù! Volt dín kù, ampere náà bá a dín kù, àdánù méjì wá gun orí ara wọn.

Ọmọ alágbẹ̀dẹ kọ́kọ́rọ́ kan ní ilẹ̀ Jámánì, Georg Simon Ohm, tí wọ́n bí ní 1789, ló tú àṣírí yìí. Olùkọ́ ni ní ìlú Cologne. Ìyà iná tí kò dúró sójú kan jẹ òun náà, torí bátìrì ayé ìgbà náà kì í pẹ́ rẹ̀wẹ̀sì. Ó bá so bàbà pọ̀ mọ́ irin mìíràn tí wọ́n ń pè ní bismuth, ó jẹ́ kí ìsopọ̀ kan wà nínú omi híhó, kí èkejì wà nínú yìnyín, iná tó ń ti ibẹ̀ wá sì dúró déédéé. Ó wá ń fi wáyà gígùn àti kúkúrú dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1827, àwọn èèyàn rẹ̀ kò kà á sí tó bó ti retí, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ìlú London ni wọ́n ti fún un ní àmì ẹ̀yẹ Copley ní 1841.

Àmọ́ mọ́tò inú fíríìjì kì í ṣe bíi ti áyọ́ọ̀nù o. Tí volt bá lọ sílẹ̀ jù, kò ní í lè yí, yóò sì máa fa ampere ju bó ṣe yẹ lọ títí tí yóò fi jó. Ẹni tó ń sáré yọ fíríìjì nígbà tí gílóòbù bá ń pọ́n kò ya ojo rárá.

Ọjọ́ tí iná bá dé dáadáa gan-an ni ewu ńlá wà. Inú ẹkisitẹ́ńṣàn kan náà ni wọ́n ń ki gbogbo nǹkan bọ̀. Wáyà náà ní ìdènà tirẹ̀, pàápàá níbi tí wọ́n ti já a tí wọ́n sì lọ́ ọ pọ̀. Ká ní ó jẹ́ 0.5 ohm. Nígbà tí áyọ́ọ̀nù nìkan ń fa 5 ampere, volt tó ń ṣòfò sínú wáyà yẹn jẹ́ 2.5, ooru rẹ̀ sì jẹ́ 12.5 watt. Kò burú. Ẹ wá fi ẹ̀rọ ìse-omi tó ń fa 10 ampere kún un. Nígbà tí 15 ampere bá ń gba ibẹ̀ kọjá, 7.5 volt ni yóò máa ṣòfò, ooru á sì di 112.5 watt. Ampere di ìlọ́po mẹ́ta, ooru di ìlọ́po mẹ́sàn-án! Ta ló jẹ́ fọwọ́ di gílóòbù 100 watt ayé àtijọ́ mú nígbà tó bá ń tàn? Ooru tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà lójú kan ṣoṣo lára wáyà tí wọ́n fi tépù dì.

Fíúsì 13 ampere tó wà nínú pọ́lọ́ọ̀gì yẹ kó já bí ampere tó ń gbà á kọjá bá ti pọ̀ jù. Ó máa ń já lóòótọ́. Ohun tí àwọn kan wá ń ṣe ni pé wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi ẹ̀là wáyà bàbà dípò rẹ̀, wọ́n á ní ó ti ń yọ àwọn lẹ́nu jù. Láti ọjọ́ náà, kò tún sí ohun tó ń dá ampere dúró mọ́. Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ni wáyà náà yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó díẹ̀díẹ̀, òórùn rọ́bà sì ni àwọn ará ilé yóò kọ́kọ́ gbọ́.