Ìrẹsì Ọ̀fàdà: ṣé sójà ló gbé e wá lóòótọ́?

Tí ẹ bá jókòó sí búkà ìrẹsì Ọ̀fàdà ní Lotto, kì í pẹ́ tí ìtàn á fi tẹ̀lé oúnjẹ wọlé. Èyí tí mo máa ń gbọ́ jù ni ti ọmọ ogun tó lọ jà ní Bọ́mà, tó fi irúgbìn ìrẹsì sápò bọ̀ wálé. Ìtàn náà dùn mọ́ mi, àmọ́ ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Láàárín 1943 sí 1945 ni àwọn ọmọ ogun láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jà ní Bọ́mà. Ìrẹsì ti dé agbègbè wa tipẹ́ ṣáájú ìyẹn. Ní etí Odò Ọya, níbi tí Mali wà lónìí, àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin ìrẹsì ilẹ̀ Áfíríkà láti nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, láti nǹkan bí 1839 ni àwọn Sàró ti ń padà sí Abẹ́òkúta láti Sierra Leone, níbi tí ìrẹsì ti jẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Kò dìgbà tí sójà bá dé kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n jẹ.

Síbẹ̀, ẹ má pe àwọn àgbà ní òpùrọ́. Àdàlù ni ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà ní Ọ̀fàdà: irúgbìn Áfíríkà wà níbẹ̀, ti Éṣíà náà wà níbẹ̀. Òótọ́ ni pé lára rẹ̀ ti òkèèrè wá, àpò sójà kan ṣoṣo ni kò lè gba gbogbo rẹ̀.

Kí ló wá sọ ọ́ di Ọ̀fàdà? Àkọ́kọ́, orúkọ ìlú ni. Ọ̀fàdà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé. Láti Lotto, ẹ ó dé Mowe, ẹ ó sì yà sí ọ̀nà Ọ̀fàdà. Èkejì, ọwọ́ tó ṣe é ni. Wọ́n á rẹ ìrẹsì náà sómi pẹ̀lú èèpo rẹ̀, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sá a sóòrùn. Rírẹ tó pẹ́ yẹn ló ń fún un ní òórùn tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Wọn kì í bó o dán, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ pupa fi máa ń kù lára hóró rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá sá a sílẹ̀ ni òkúta sì ti ń wọ̀ ọ́, torí náà ẹ rọra jẹ ẹ́!

Ọbẹ̀ rẹ̀ náà ní ọgbọ́n tiẹ̀: ata tútù tí kò tíì pọ́n, irú, àti epo pupa tí wọ́n yọ́ títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí. Ẹ wá fi ṣàkì, pọ̀nmọ́ àti ẹyin kún un, kí wọ́n bu ìrẹsì sínú ewé eéran.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ilẹ̀. Púpọ̀ nínú yín ló ń ra ilẹ̀ ní Mowe àti Ọ̀fàdà báyìí. Èmi ò ní kẹ́ ẹ má kọ́lé o. Àmọ́ ibi tí a bá ti da kọnkéré sí, ìrẹsì ò ní hù níbẹ̀ mọ́, orúkọ ìlú náà á wá máa wà lára àpò ìrẹsì tó ti ibòmíràn wá.

Tí ẹ bá tún dé búkà, ẹ bi ìyá olóúnjẹ léèrè ibi tó ti ra ìrẹsì rẹ̀. Ìtàn wo ni wọ́n sọ fún ẹ̀yin nílé? Ẹ kọ ọ́ sí mi.