Bí ojú ilẹ̀ ò bá ṣeé gbé mọ́, ibo la máa sá gbà?

Ẹ wo orúkọ ìlú mẹ́ta yìí ná. Abẹ́òkúta: abẹ́ òkúta. Wásinmi: wá, kó o sinmi. Ayétòrò: ayé tòrò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló jẹ́ orúkọ tí ẹni tó ti sá fún nǹkan, tó wá rí ibi fẹ̀yìn tì, lè fún ìlú rẹ̀. Mo fi wọ́n bẹ̀rẹ̀ nítorí ìbéèrè kan tí mo máa ń rí lórí fóònù àwọn ọ̀dọ́: tí ojú ilẹ̀ ayé bá di ibi tí èèyàn ò lè gbé mọ́, ibo la máa lọ? Àwọn kan á ní Mars ni. Àwọn kan á ní abẹ́ ilẹ̀ ni. Àwọn míì á ní ká fi ọ̀rọ̀ òyìnbó sílẹ̀ jàre, ká lọ wá owó ilé.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó o. Ní Ayétòrò, nílẹ̀ Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Òndó, ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ọdún 1947 ni wọ́n tẹ ìlú yẹn dó sétí òkun. Òkìkí rẹ̀ kàn nígbà náà, torí pé àwọn ará ibẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ ni, wọ́n sì jọ ń pín èrè rẹ̀. Lónìí, òkun ti gbé òpópónà lọ, ó gbé ilé, ó gbé ilé ẹ̀kọ́, kódà ó gbé ibojì òkú. Àwọn ìdílé kan ti kó ẹrù sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Lójú tiwọn, ìbéèrè tá a ń bi ara wa kì í ṣe ti ọ̀la rárá.

Wásinmi ni mo ti ń kọ èyí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ewékorò, lójú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tó ti Èkó wá sí Abẹ́òkúta. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn ibi tá a lè sá lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí ló tiẹ̀ lè lé wa?

Àkọ́kọ́ ni ooru. Òógùn ni ara wa fi ń tu ara rẹ̀ lára, àmọ́ òógùn ò lè ṣiṣẹ́ àyàfi tó bá gbẹ. Tí ooru bá mú, tí afẹ́fẹ́ sì kún fún omi, òógùn á kàn máa ṣàn lásán ni. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì máa ń fi aṣọ tútù wé ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru. Bí ó bá ṣì ń ka dígíríì 35 pẹ̀lú aṣọ tútù yẹn, ọmọkùnrin tí ara rẹ̀ le koko, tó jókòó sábẹ́ igi, tó ní omi lọ́wọ́, ò lè pẹ́ níbẹ̀ ju wákàtí mélòó kan lọ kó tó kú.

Èkejì ni ohun tó já láti ojú ọ̀run. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, òkúta ràgàjì kan já lu ibi tá a mọ̀ sí Mẹ́síkò lónìí. Eruku rẹ̀ bo oòrùn, ewéko kú, ebi pa àwọn ẹranko ńláńlá. Àwọn tó yè é jù ni àwọn kéékèèké tó lè wọ ihò tàbí tó ń gbé inú omi, tí oúnjẹ díẹ̀ sì tó fún.

Ẹ̀kẹta ni oòrùn fúnra rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń mọ́lẹ̀ sí i. Ní nǹkan bíi bílíọ̀nù kan ọdún sí i, ó lè gbẹ òkun. Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn, owó ilé á ti tó san kó tó dìgbà náà.

Abẹ́ ilẹ̀: Ẹ̀gbá ti gbìyànjú ẹ̀ rí

Nígbà tí ogun tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká nínú igbó Ẹ̀gbá, Ṣódẹkẹ́ ló ṣáájú wọn dé abẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830. Ẹni tó bá ti dé Olúmọ á ti rí iyàrá abẹ́ àpáta tí wọ́n ń tẹrí ba wọ̀, àti ihò tí wọ́n ti ń lọ nǹkan lójú òkúta. Àwọn ọmọ ogun Dahomey wá gbógun ti ìlú náà ní 1851 àti 1864. Wọ́n ṣẹ́gun wọn lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ibi tó wá dùn nínú ìtàn yìí nìyí. Ní 1998, àwọn tó ń ṣe ọ̀nà nítòsí Bohicon, ní orílẹ̀-èdè Benin, dédé rí ihò nísàlẹ̀ ilẹ̀. Iyàrá ni wọ́n bá níbẹ̀, tó jìn tó nǹkan bíi mítà 10, tí wọ́n ti gbẹ́ láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Agongointo ni wọ́n ń pe ibẹ̀, inú ilẹ̀ Dahomey àtijọ́ ló sì wà. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń lépa Ẹ̀gbá àti Ẹ̀gbá tí wọ́n ń lépa, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n jọ dá.

Wọn ò dá nìkan gbọ́n ọn. Ní Derinkuyu, ní Tọ́kì, ìlú kan wà lábẹ́ ilẹ̀ tó jìn tó mítà 85, tó ní kànga, ihò afẹ́fẹ́, ilé ẹran àti ilẹ̀kùn olókùúta tó ń yí bí ọlọ. Ní Coober Pedy, ní Australia, àwọn èèyàn ṣì ń gbé abẹ́ ilẹ̀ títí dòní. Níta, oòrùn lè lé ní dígíríì 40. Nínú ilé, bíi 24 ni, láìsí ẹ̀rọ amúlétutù.

Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ilẹ̀ kì í tètè gba ooru, kì í sì í tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Tó o bá wọ inú rẹ̀ dé mítà mélòó kan, ilẹ̀ ò mọ̀ bóyá ọyẹ́ ló ń fẹ́ lókè tàbí oòrùn oṣù kẹta. Àròpọ̀ ojú ọjọ́ gbogbo ọdún tá a pín dọ́gba ló máa ń wà níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, ìyẹn á tó nǹkan bíi dígíríì 27. Kì í ṣe tútù bíi inú fíríìjì, àmọ́ kò burú.

Àmọ́ kò ní jẹ́ ká gbẹ́ ẹ jù. Bá a ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni ilẹ̀ ń gbóná sí i, nǹkan bíi dígíríì 25 lórí kìlómítà kan. Ní ibi ìwakùsà wúrà Mponeng ní South Africa, tó jìn tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin, òkúta ibẹ̀ lé ní dígíríì 60. Yìnyín ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ rán sísàlẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ má bàa kú. Àti pé ilẹ̀ wa kì í ṣe aṣálẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ ilé abẹ́ ilẹ̀ ní Wásinmi, tó bá di ìgbà òjò, kànga ló gbẹ́ yẹn.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù rèé: Ẹ̀gbá ò fi abẹ́ Olúmọ ṣe ayé. Wọ́n ń jáde lọ sóko, wọ́n ń pọn omi odò Ògùn, wọ́n ń ná ọjà. Ibi ìsápamọ́ ni òkúta. Ojú ilẹ̀ ni ilé.

Orí omi ńkọ́?

Àwọn Tofinu ní Benin ti ń gbé orí adágún Nokoué láti ìgbà òwò ẹrú. Wọ́n ní àwọn ọmọ ogun tó ń kó ẹrú, èèwọ̀ ẹ̀sìn ò jẹ́ kí wọ́n jà lórí omi, ni wọ́n bá kọ́ ilé sórí òpó. Ganvié nìyẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sì ń gbébẹ̀ dòní. Ní Mákòókò, l'Ékòó, ayàwòrán ilé Kunlé Adéyẹmí kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tó ń léfòó, tí wọ́n parí ní 2013. Àwòrán rẹ̀ yí gbogbo ayé ká. Oṣù kẹfà 2016, òjò ńlá kan dé, ó wó. Èrò náà dáa, àmọ́ omi kì í sinmi, àtúnṣe rẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ sinmi.

Abẹ́ òkun tún le ju ìyẹn lọ. Gbogbo mítà 10 tó o bá lọ sísàlẹ̀, omi á fi ẹrù tó tó ti gbogbo afẹ́fẹ́ ayé lé ọ lára. Ní ibùdó Aquarius ní Florida, tó wà ní nǹkan bíi mítà 19 sísàlẹ̀, ẹni tó bá ti sùn níbẹ̀ ò lè kàn jáde. Ó máa lo ju wákàtí 15 kí ara rẹ̀ tó bá ti òkè mu.

Òkè ọ̀run

Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 2025, Owolabi Salis di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé òfuurufú. Inú wa dùn. Àmọ́ gbogbo ìrìn àjò yẹn ò ju nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Láti gbé ibẹ̀ ni wàhálà.

Láti oṣù kọkànlá 2000 ni èèyàn ti ń wà ní ibùdó òfuurufú àgbáyé láìdáwọ́ dúró. Nǹkan bíi kìlómítà 400 ló fi ga. Wọ́n ń sọ òógùn àti ìtọ̀ wọn di omi mímu padà. Síbẹ̀, ayé ni oúnjẹ ti ń lọ bá wọn, egungun wọn sì ń dín lóṣooṣù bí wọn ò bá ṣe eré ìdárayá dáadáa.

Òṣùpá ò ní afẹ́fẹ́, òru rẹ̀ sì gùn tó ọ̀sẹ̀ méjì tiwa. Mars ní afẹ́fẹ́ díẹ̀, àmọ́ kò tó ìdá kan nínú 100 ti ayé, kábọ́n dáyọ́ksáìdì ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Òtútù ibẹ̀ máa ń lọ sí nǹkan bíi dígíríì 60 sísàlẹ̀ òdo. Ìrìn àjò ibẹ̀ tó oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án. Tó o bá wá débẹ̀, kí lo máa ṣe? Abẹ́ ilẹ̀ ni wàá tún wọ̀, torí ìtànṣán olóró tó ń bọ̀ láti òfuurufú. Olúmọ náà ni, ó kàn jìnnà ni.

Ẹ̀kọ́ tó wá látinú sìmẹ́ńtì

Wọ́n ti dán an wò lórí ilẹ̀ rí. Ní oṣù kẹsàn-án 1991, èèyàn mẹ́jọ wọ inú ilé onígíláàsì ńlá kan ní Arizona, l'Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Biosphere 2. Oko wà níbẹ̀, igbó wà níbẹ̀, òkun kékeré wà níbẹ̀. Wọ́n tilẹ̀kùn fún ọdún méjì. Ebi ń pa wọ́n. Nígbà tó yá, wọn ò lè mí kanlẹ̀ mọ́: ọ́síjìn tó yẹ kó jẹ́ nǹkan bíi ìdá 21 nínú 100 afẹ́fẹ́ ti wálẹ̀ dé bíi 14. Ìta ni wọ́n ti fún wọn ní ọ́síjìn.

Ta ló jí i? Àwọn kòkòrò tíntìntín inú ilẹ̀ oko wọn ń lo ọ́síjìn, wọ́n sì ń tú kábọ́n dáyọ́ksáìdì jáde. Ó yẹ kí ewéko gba ìyẹn, kí wọ́n fi ọ́síjìn dípò. Àmọ́ kọnkéré ilé náà ti ń fa kábọ́n dáyọ́ksáìdì yẹn mu, ó sì há ọ́síjìn mọ́ ara ògiri.

Àwa ará Ewékorò ló yẹ kó kọ́kọ́ lóye èyí. Òkúta tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tó ti wà níbí láti 1960 ń wà, wọ́n ń sun ún nínú iná tó gbóná gan-an, kábọ́n dáyọ́ksáìdì á sì jáde lára rẹ̀. Tó bá ti di kọnkéré, díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ọdún ló máa ń fa afẹ́fẹ́ náà padà. Nínú ayé gbalasa, kò séni tó máa mọ̀. Nínú ilé tí wọ́n tì pa, ó lè pa èèyàn.

Òkúta Ewékorò tún ń sọ ọ̀rọ̀ kejì. Ìkarahun àti egungun ẹran òkun wà nínú rẹ̀, torí òkun ló wà níbí nígbà kan. Ìgbà tó kó jọ, kò ju mílíọ̀nù ọdún díẹ̀ lọ lẹ́yìn òkúta ràgàjì ọjọ́sí. Ìyẹn ni pé lẹ́yìn tí ayé bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí ti tún kún inú omi ibí yìí.

Èrò tèmi

Ayé tó bàjẹ́ jù ṣì sàn ju Mars tó dáa jù. Lẹ́yìn àjálù tó burú pàápàá, ọ́síjìn ṣì wà láyé, omi ṣì wà, ìwúwo ara wa ò yí padà. Fún ìgbà díẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ló dáa jù, bí oúnjẹ bá wà. Fún ìgbà pípẹ́, kò síbì kankan tó lè dípò ojú ilẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ìbéèrè tòótọ́ fún wa kéré ju ti Mars lọ, ó sì sún mọ́lé jù ú lọ. Èkó ò ga sókè òkun. Bí omi bá ń lé àwọn èèyàn etíkun, ọkọ̀ òfuurufú kọ́ ni wọ́n máa wọ̀. Ọkọ̀ Abẹ́òkúta ni wọ́n máa wọ̀. Ifọ̀, Ìtòrí, Wásinmi, Abẹ́òkúta ni wọ́n máa kó ẹrù sí. Ǹjẹ́ omi tó máa tó wọn wà? Ǹjẹ́ gọ́tà wà kí ilé tuntun tó dé? Ṣé a máa fi igi sílẹ̀ láàárín àwọn ilé, àbí kọnkéré la máa fi bo gbogbo ẹ̀, kí ooru wá jókòó tì wá? Ta ló ń ra ilẹ̀ báyìí, iye wo ló sì máa tà á fún ẹni tí òkun lé?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ilẹ̀ lágbègbè yìí, ẹ bi ẹni tó ń tà á fún yín léèrè ibi tí omi òjò ń gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní ilé, ẹ gbin igi kan sí iwájú ẹ̀. Ẹ sì bi káńsílọ̀ yín léèrè ètò tó ní fún àwọn tó ń bọ̀. Orúkọ ìlú yìí ti pè wọ́n ná.