Òógùn ń dà, ara ò tutù: ohun tó yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ ń sáré nínú igbó mọ̀ nípa ooru

Àwọn ọ̀dọ́ ìlú ti sọ eré sísá di fàájì báyìí. Láàárọ̀ Sátidé, ẹ ó rí wọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lójú títì Èkó àti Ìbàdàn, bàtà aláràbarà lẹ́sẹ̀, fóònù lápá. Àwọn mí-ìn tiẹ̀ ti fi títì sílẹ̀. Wọ́n á kó ara wọn sínú mọ́tò, ó di Òkè Ìdànrè tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, tàbí Olúmirìn, omi tó ń dà láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kí wọ́n lè sáré gba ọ̀nà ẹsẹ̀ inú igbó fún wákàtí méjì, mẹ́ta. Ó dáa, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ ooru tiwa níbí kì í ṣe ooru lásán, ọ̀rinrin wà nínú ẹ̀, irú ooru bẹ́ẹ̀ sì lè gbé ẹni tí ara ẹ̀ le koko dè.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ara ṣe ń ṣe é. Bí èèyàn bá ń sáré, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára tó ń lò ló ń di ooru nínú ara. Ìyókù ló fi ń gbé ẹsẹ̀. Ara gbọ́dọ̀ tú ooru yẹn síta, òógùn ló sì fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé òógùn jáde ló ń mú ara tutù o, pé ó gbẹ ni. Òógùn tó gbẹ lára ló ń gbé ooru lọ. Èyí tó ń kán tótótó sílẹ̀, òfò ni. Ẹni tó wọn kìlógíráàmù 70, tó ń sá kìlómítà 10 ní wákàtí kan, nílò kí nǹkan bíi lítà òógùn kan gbẹ lára ẹ̀ láàárín wákàtí yẹn kí ooru inú ara má baà máa lọ sókè.

Ẹ ronú aṣọ tí a fọ̀ tí a sá sórí okùn. Lásìkò ọyẹ́, kó tó di ọ̀sán, ó ti gan. Lóṣù keje, ẹ lè sá a fọ́jọ́ méjì kó ṣì máa rùn. Afẹ́fẹ́ ti kún fún omi, kò ráyè gba òmíràn mọ́. Bí awọ ara yín ṣe rí nìyẹn tí ẹ bá ń sáré nínú ọ̀rinrin.

Ibí yìí ni áàpù ojú ọjọ́ orí fóònù ti ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Láago mẹ́fà àárọ̀, ó lè kọ ọ̀rinrin 95%, nígbà tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán, ó ti di 65%. Ẹ má rò pé omi inú afẹ́fẹ́ dín kù. Afẹ́fẹ́ ló gbóná sí i, tó sì lè gba omi púpọ̀ sí i. Nọ́ńbà tó yẹ kí ẹ máa wò ni èyí tí wọ́n kọ dew point sí. Tó bá wà lábẹ́ 16, ara á tù yín. Tó bá ti kọjá 21, iṣẹ́ ti dé. L'Ékòó, tí kì í bá ṣe àsìkò ọyẹ́, ó sábà máa ń wà láàárín 23 sí 25, tàárọ̀ tọ̀sán. Ìyẹn ni pé jíjí ní kùtù á gbà yín lọ́wọ́ oòrùn, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbà yín lọ́wọ́ ọ̀rinrin. Igbó náà ń kó: igi ń ṣíji bò yín, igi yẹn kan náà ló ń dí atẹ́gùn tí ì bá gbẹ òógùn.

(Ẹ̀yin tí ẹ ń wé ọ̀rá mọ́kùn sáré kí ikùn lè wọlé, omi ni ẹ ń sọ nù, kì í ṣe ọ̀rá ara. Ẹ sì ti dí ọ̀nà tí òógùn ń gbà gbẹ pa.)

Ibi tí ọ̀rẹ́ ti wúlò jù nìyí. Tí ooru inú ara bá kọjá dígírì 40, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní heat stroke nìyẹn. Ẹni tó ń ṣe kì í sábà mọ̀, torí ọpọlọ tó yẹ kó fi mọ̀ gan-an ni ooru mú. Á ní kò sí nǹkan kan, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ẹni tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló máa rí i pé ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, pé ó ń bínú láìnídìí, pé ẹ béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ ẹ̀, òmíràn ló fi dáhùn. Ẹ má dúró de ìgbà tí òógùn bá dáwọ́ dúró. Ẹni tó ń sáré lè wà nínú ewu yìí kó ṣì máa làágùn yọ̀bọ̀.

Nítorí náà, ẹ máa bá ara yín sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tí kò bá lè parí gbólóhùn kan láìmí hẹlẹhẹlẹ, kí gbogbo yín máa rìn. Ẹni tí eré náà le fún jù ló yẹ kó pinnu bí ẹ ó ṣe yára tó, kí ẹni tó lágbára sì wà lẹ́yìn pátápátá. Mo mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ló máa ń ba èyí jẹ́: "Ṣé o ti rẹ̀ ni, Bọ̀ọ̀dá?" Ara sì máa ń gbà tó ọjọ́ 10 sí 14 kí ooru tó mọ́ ọn lára, nítorí náà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti London dé lánàá, kó kọ́kọ́ máa rìn. Ẹni tí ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru ṣe lọ́sẹ̀ yẹn, tàbí tó mutí mọ́jú níbi òde, kó sùn sílé.

Omi ńkọ́? Ẹ mu ún, ẹ má fi kún ara bí ìkòkò. Níbi eré Boston Marathon ọdún 2002, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn 488 tó sáré náà wò, 13% nínú wọn ni iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn tó sì wọ̀n sí i nígbà tí wọ́n parí eré wà lára àwọn tó wọ́pọ̀ jù sí. Ẹ gun ìwọ̀n kí ẹ tó jáde àti lẹ́yìn tí ẹ bá dé. Kìlò kan tó bá lọ, bíi lítà omi kan ni. Tí ẹ bá wọ̀n sí i, omi ti pọ̀ jù. Tí eré bá ti ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ, ẹ wá ohun tó níyọ̀ sí i, ORS dáa. Omi àgbọn dùn, àmọ́ iyọ̀ inú ẹ̀ kò tó.

Tí ẹnì kan bá ṣubú lulẹ̀, tó ń sọ ìsọkúsọ, ẹ má sáré gbé e sí mọ́tò kí ẹ lọ há sínú gosiló. Ẹ kọ́kọ́ mú ara ẹ̀ tutù ná. Ní Falmouth, ìlú kan létí òkun ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń sá eré máìlì méje lóṣù kẹjọ. Láàárín ọdún 18, èèyàn 274 ni heat stroke mú níbẹ̀, kò sì sí ìkankan tó kú, torí pé ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n ń rì wọ́n sínú ọpọ́n omi oníyìnyín. Àwa ò ní ọpọ́n nínú igbó, àmọ́ a ní pure water. Kí kúlà kan tí pure water dídì àti tówẹ̀lì kún inú ẹ̀ wà nínú mọ́tò níbi tí ọ̀nà igbó ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnì kan sì wà níbẹ̀ tí ẹ lè pè lórí fóònù. Ẹ gbé e síbi òjìji, ẹ bọ́ aṣọ tó bá ṣe é bọ́, ẹ da omi sí i lára láìdábọ̀, ẹ fi tówẹ̀lì tútù sí orí, ọrùn, abíyá àti ìtan, ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀, kí ẹni mí-ìn máa fẹ́ ẹ. Ẹ máa pe ilé ìwòsàn bí ẹ ṣe ń ṣe é. Ẹ má rọ omi sẹ́nu ẹni tí kò mọ ibi tó wà. Ẹ má fún un ní paracetamol, ooru yìí kì í ṣe ooru ibà, oògùn yẹn ò ní ṣe nǹkan kan fún un. Bí ojú ẹ̀ bá ti wálẹ̀ tó ń dáhùn dáadáa, ẹ wá gbé e lọ.

Kó lọ dandan, kódà tó bá ní ara òun ti yá, kí wọ́n yẹ kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ẹ̀ wò. Tí ìtọ̀ ẹ̀ bá dúdú bíi Coke, kó sọ fún dókítà. Lẹ́yìn tó bá kúrò ní ọsibítù, ó kéré tán ọjọ́ méje ni kò gbọdọ̀ sáré rárá.