Bí Ìwé Ìdánwò Ilé-Kéú Bá Há Sẹ́nu Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé

Ìdánwò ilé-kéú ku ọ̀la. A fi ojú-ewé 200 ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí kọ̀ǹpútà mẹ́ta jọ ń lò, ó dúró lójú-ewé 40. Ẹ̀yin oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Mowe, Ibafo àti Ifo, kí la ó ṣe?

Ẹ má ṣe tẹ Print lẹ́ẹ̀kejì. Orí ìlà ni kọ̀ǹpútà máa ń to iṣẹ́ sí. Bí ti iwájú bá há, gbogbo tẹ̀yìn ló máa dúró, títí kan iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ pépà àti wáyà wò. Bí wọ́n bá dáa, ẹ sọ fún àwọn yòókù, torí iṣẹ́ tiwọn náà yóò parẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ̀rọ náà so mọ́, ẹ ṣí Services, ẹ dá Print Spooler dúró, ẹ pa gbogbo ohun tó wà nínú C:\Windows\System32\spool\PRINTERS rẹ́, kí ẹ tún Print Spooler tàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa tẹ ojú-ewé 20, 20: láti 41 dé 60, kó tó kan 61. Bí iná bá lọ, ìwọ̀nba díẹ̀ la ó tún tẹ̀.

Bí lẹ́tà Lárúbáwá bá di àpótí-àpótí, ẹ yan Print as Image nínú Adobe Reader. Yóò falẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yóò rí ìbéèrè wọn kà.