Kí Ló Dé Tí Wọn Ò Kó Kúrò?

Bí fídíò ìlú Ayétòrò bá ti jáde, tí òkun ń wó ilé ní etíkun Ìlàjẹ, kì í pẹ́ tí àwa ará òkè fi máa ń ní: "Olóríkunkun ni wọ́n. Kí ló dé tí wọn ò kó kúrò?" A ti dájọ́ tán, bẹ́ẹ̀ a ò tíì gbọ́ tẹnu wọn. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ìlú náà. Lọ́dún 1947 ni àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù, tẹ̀ ẹ́ dó sórí ẹrọ̀fọ̀, lẹ́yìn tí àwọn kan ti fi ojú wọn rí màbo nítorí ẹ̀sìn. Wọ́n sọ dúkìá di àjọní: ohun tí apẹja rí lódò àti èrè iṣẹ́ ọwọ́ ń bọ́ sápò kan náà nígbà náà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lókèèrè á ní orí wọn ò pé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Stanley Barrett, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, lọ bá wọn gbé, tó sì kọ ìwé nípa wọn lọ́dún 1977, ó rí i pé àjọní yẹn wà lára ohun tó mú ìlú náà tètè là. Ohun tó yàtọ̀ kò ju pé ó jókòó tì wọ́n.

Ẹlòmíì á ní, ṣé gbogbo nǹkan la ó máa gbà mọ́ra ni? Rárá o. Àwọn Àpọ́sítélì pàápàá ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìtàn ìlú wọn sọ pé kíkọ̀ tí wọ́n kọ pípa ìbejì wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn àti àwọn tó fojú wọn rí màbo. Ẹni tó pa ọmọ jòjòló ti ṣe èèyàn níbi, ó sì yẹ ká bá a wí. Ta wá ni ẹni tó dúró sílé baba rẹ̀ ṣe níbi? Wọ́n á ní ọmọ rẹ̀ ni, torí òkun lè gbé e lọ. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà sì wúwo. Àmọ́ àwọn ará Ayétòrò ti ń kó tipẹ́: wọ́n á tú pákó ilé, wọ́n á lọ kàn án sẹ́yìn díẹ̀, òkun á tún lé wọn bá. Lọ́dún 2004 ni NDDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdàgbàsókè Niger Delta, gbé iṣẹ́ ìdènà òkun síta. Omi ò tíì yéé wọlé. Apẹja tí ẹ bá sì kó lọ sí Òkìtìpupa lókè, níbo ni yóò na àwọ̀n sí?