Imí Ekòló

Àwọn àgbà tó ń júbà kí wọ́n tó ṣeré a máa fi ekòló ṣe àpẹẹrẹ: ekòló kì í júbà ilẹ̀ kí ilẹ̀ má lanu. Òwe náà dùn létí, àmọ́ ẹni tó bá lóṣòó ti ebè lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ yóò rí i pé ekòló gan-an ló ń lanu. Kò lọ́wọ́ tí yóò fi gbẹ́lẹ̀, kò léyín, kò lójú. Ibi tí ilẹ̀ bá ti rọ̀, á forí gún un wọlé. Ibi tó bá ti le, ńṣe ló ń jẹ ẹ́ kọjá. Yẹ̀pẹ̀ o, ewé jíjẹrà o, ó ń gbé gbogbo rẹ̀ mì, á sì yà á sílẹ̀ lẹ́yìn. Imí yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí òun ni àgbẹ̀ tó gbọ́n ń wò kó tó sọ irúgbìn sílẹ̀.

Nínú igbó àti oko agbègbè Ìbàdàn, oríṣi kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Hyperiodrilus africanus. Òun ló máa ń to imí rẹ̀ sókè, tí yóò dúró gangan bí orógbó tí wọ́n fìdí rẹ̀ gúnlẹ̀. Láàárọ̀ lẹ́yìn òjò, á tutù, á máa dán, kò sì ní rùn. Tó bá gbẹ, á le koko. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á fọ́ wẹ́wẹ́, ẹ ò sì ní bá òkúta kankan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òkúta wẹ́wẹ́ ló kún ilẹ̀ ibẹ̀. Òkúta ò lè gba ọ̀fun ekòló kọjá. Yẹ̀pẹ̀ tó kúnná nìkan ló ń kó wá sókè. Lọ́jọ́ ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ ò ní rí imí tuntun: ekòló á ti rì sísàlẹ̀, á ká ara rẹ̀ kò, ó di ìgbà tí òjò bá tún dé.

Inú ekòló kì í ṣe ihò lásán. Ó ní iwe, irú èyí tí à ń bá nínú adìyẹ, ibẹ̀ ni yanrìn tó gbé mì ti ń lọ ewé kúnná. Lẹ́yìn iwe ni ìfun, tó tutù tó sì ń yọ̀, ibi tí àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń rí oúnjẹ àti omi. Púpọ̀ nínú wọn ti ń sùn nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀; inú ekòló ni wọ́n ti ń jí. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń bí sí i, wọ́n ń tú ohun tí ewé dì mọ́ra sílẹ̀, débi pé nígbà tí imí bá jáde, náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti kálísíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ á ju ti ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Gbòngbò irúgbìn pàápàá mọ̀ ọ́n. Ihò tí ekòló gbà kọjá ló ń tọ̀ wọlẹ̀, ihò yẹn náà sì ni òjò ń gbà wọlẹ̀ dípò kó di ọ̀gbàrá.

Lọ́dún 1970, Rattan Lal, ọmọ Íńdíà tó jẹ́ onímọ̀ nípa ilẹ̀, dé sí IITA n'Ìbàdàn, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Ohun tó bá pàdé ni pé tí wọ́n bá fi katakata wó igbó, tí wọ́n tú ilẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò, oòrùn á sun ún, òjò á gbá orí rẹ̀ lọ. Níbi tí wọ́n bá ti fi pòròpórò àgbàdo bo ilẹ̀ láìtú u, ilẹ̀ á tutù, ekòló ò ní sá. Iṣẹ́ tó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wà lára ohun tó gba ẹ̀bùn World Food Prize fún un ní 2020. Àwọn bàbá wa tó ń fi ewé dé orí ebè iṣu ò gba ẹ̀bùn kankan, àmọ́ iṣu wọn ta.

Àwa ará ìlú ló kù díẹ̀ káàtó fún. Ilẹ̀ gbígbá ti mọ́ wa lára jù. Ewé máńgòrò ò tíì balẹ̀ tán, a ti gbá a jọ, a ti ṣáná sí i. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má gbá àgbàlá rẹ̀ o, torí ejò. Ṣùgbọ́n ẹnu ekòló ló yẹ kí ewé tí a gbá lọ. Eérú díẹ̀ ò burú fún ilẹ̀, àmọ́ náítírójìn ti bá èéfín lọ ní tirẹ̀. Ẹ tẹ́ ewé náà sórí ebè, kó nípọn tó ìka mẹ́rin, kẹ́ ẹ fi èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Àjẹkù ọbẹ̀ ni kẹ́ ẹ má dà síbẹ̀: awọ ara ni ekòló fi ń mí, iyọ̀ á sì fa omi ara rẹ̀ gbẹ.

Tó bá jẹ́ imí adìyẹ lẹ fẹ́ fi bọ́ ilẹ̀ ní tiyín, ẹ má kánjú. Ẹ kó o jọ pẹ̀lú ewé gbígbẹ, kẹ́ ẹ wọ́n omi sí i, kẹ́ ẹ máa yí i padà. Ẹ ti ọwọ́ bọ àárín òkìtì náà: tó bá ṣì gbóná, àwọn kòkòrò àìfojúrí ò tíì ṣiṣẹ́ tán, imí náà á sì jó ẹ̀fọ́ yín. Tó bá ti tutù, tó dúdú, tí òórùn rẹ̀ ti di ti ilẹ̀ tójò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ó ti di ajílẹ̀.

Ká padà sórí ekòló: Eudrilus eugeniae, ẹbí Hyperiodrilus tá a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, tí orísun tiẹ̀ náà jẹ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ti di ọjà ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń sìn ín nínú àpótí fún ajílẹ̀ àti fún ìjẹ ìwọ̀, wọ́n sì ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ òtútù, torí òtútù lè pa á. Níbi tí ooru ti bá a lára mu, ọmọdé ló ń wà á lọ sódò lọ́fẹ̀ẹ́.

Kì í ṣe gbogbo kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ló nílò ekòló. Ẹ rọra hú ẹ̀wà kan tó ń yọ òdòdó, kẹ́ ẹ fọ gbòngbò rẹ̀. Ẹ ó rí àwọn kókó róbótó-róbótó lára rẹ̀. Ẹ fi èékánná la ọ̀kan: tí inú rẹ̀ bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àwọn kòkòrò inú rẹ̀ ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Nítorí náà, tí ẹ bá ká ẹ̀wà tán, ẹ má fà á tu. Ẹ gé e nídìí, kẹ́ ẹ fi gbòngbò sílẹ̀ sínú ilẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbin ata sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.